Oko tí Kì í Pa Àgbẹ̀ Lẹ́kún: Ìtàn Géèmù Oko Dídá láti Ọdún 1996

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ òwe yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Òjò lè kọ̀ kí ó má rọ̀. Eéṣú lè ya wọ oko. Ọjà sì lè kún tó bẹ́ẹ̀ tí iye tí a ta irè oko kò ní tó owó ọkọ̀ tí ó gbé e. Síbẹ̀, irú oko kan wà tí òwe yìí ti ń ṣẹ láìyẹ̀. Oko náà kò sí lórí ilẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni ó wà.

Nínú géèmù oko dídá, ẹni tí ó ń ta géèmù náà a di àgbẹ̀ ní abúlé kékeré kan. Yóò ro ilẹ̀, yóò gbin irúgbìn, yóò bomi rin ín, yóò sin màlúù àti adìyẹ, yóò bá àwọn ará abúlé dọ́rẹ̀ẹ́, bí ó bá sì yá, yóò ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí irú géèmù yìí ti wà, ó sì ti ní àwọn àṣà tirẹ̀ tí àwọn tí ń ṣe é kì í fẹ́ yà kúrò nínú wọn. Bí a bá yẹ ìtàn rẹ̀ wò dáadáa, a ó rí ohun méjì: èkíní, pé ẹni tí àárò abúlé ń sọ ni ó dá a sílẹ̀, èkejì, pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń yọ àdánù inú iṣẹ́ àgbẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, títí ó fi kù díẹ̀ kí ó má sí àdánù kankan mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Jàpáànù

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Jàpáànù ni ó fi abúlé sílẹ̀ lọ sí àwọn ìlú ńlá bíi Tokyo àti Osaka láti wá iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àti ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn arúgbó ni ó ń ṣẹ́kù sí oko. Yasuhiro Wada jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abúlé tí ó lọ sí Tokyo bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Miyazaki, ní erékùṣù Kyushu, ni ó ti dàgbà. Nígbà tí ó wà ní ìgbèríko, ìlú ńlá ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Nígbà tí ó dé ìlú ńlá tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ohun rere tí ó fi sílẹ̀ nílé.

Iṣẹ́ géèmù ṣíṣe ni Wada ń ṣe. Ní àkókò náà, ìjà ni ó kún inú ọ̀pọ̀ géèmù tí ó lókìkí: ẹni tí ó bá fẹ́ borí níláti pa ọ̀tá. Wada fẹ́ ṣe géèmù kan tí kò ní gbé orí ìjà dúró, tí iṣẹ́ òòjọ́ àti ìgbé ayé àwọn ará abúlé yóò jẹ́ kókó rẹ̀. Ọ̀nà náà kò dán. Ní ọdún 2012, ní àpérò àwọn oníṣẹ́ géèmù ní San Francisco, ó sọ bí ilé iṣẹ́ tí ń bá a kọ ètò géèmù náà ti wọ gbèsè kí iṣẹ́ tó parí, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó kù láti parí rẹ̀, tí wọ́n sì níláti gé ohun púpọ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ti pète.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni géèmù náà jáde fún ẹ̀rọ Super Famicom. Orúkọ rẹ̀ ni Bokujō Monogatari, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘Ìtàn Oko Ẹran Ọ̀sìn’. Ní ọdún 1997, ilé iṣẹ́ Natsume gbé e dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì pè é ní Harvest Moon. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, nítorí ó máa ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Natsume ni ó ni orúkọ Harvest Moon. Àwọn ará Jàpáànù ni ó ni géèmù. Nígbà tí ọ̀nà àwọn méjèèjì pín ní ọdún 2014, àwọn tí ń ṣe Bokujō Monogatari bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ tuntun, Story of Seasons, tà á ní Amẹ́ríkà, Natsume sì ń ṣe géèmù mìíràn tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ àtijọ́. Ẹni tí ó bá wá rí Harvest Moon tí ó jáde lẹ́yìn ọdún náà kò gbọdọ̀ rò pé ọmọ ìyá èyí tí Wada dá sílẹ̀ ni.

Àwọn Àṣà tí ó Di Bárakú

Àṣà àkọ́kọ́ ni ogún bàbá àgbà. Nínú géèmù ti ọdún 1996, oko bàbá àgbà tí ó ti di igbó ni àwọn òbí ọmọkùnrin kan fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ sí ibòmíràn. Nínú Back to Nature, tí ó jáde ní ọdún 1999 fún ẹ̀rọ PlayStation, bàbá àgbà ti kú, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó ti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà èwe ni ó padà wá tún oko náà ṣe. Nínú Stardew Valley ti ọdún 2016, lẹ́tà bàbá àgbà ni ó pe ọmọ ọmọ kúrò ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ńlá kan tí iṣẹ́ ibẹ̀ ti sú u. Àgbẹ̀ inú géèmù, nígbà náà, kì í sábà jẹ́ ẹni tí kò kúrò lóko rí. Ẹni tí ó ń ti ibòmíràn bọ̀ sí ilẹ̀ baba rẹ̀ ni. Ohun tí Wada rò ní Tokyo, tí kò sì padà sílé lọ ṣe, ni àgbẹ̀ inú géèmù ń bá a ṣe.

Àṣà kejì ni kàlẹ́ńdà. Ọdún pín sí ìgbà mẹ́rin: ìgbà ìrúwé, ìgbà oòrùn, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú géèmù ti 1996. Ọjọ́ 28 ni nínú Stardew Valley. Ní òru ọjọ́ tí ìgbà kan bá parí, ohun ọ̀gbìn tí kì í ṣe ti ìgbà tí ó ń bọ̀ yóò rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ì báà ku ọjọ́ kan péré kí ó gbó. Irúgbìn mẹ́rin péré ni ó wà nínú géèmù àkọ́kọ́: tọ́níìpù àti pòtétò fún ìgbà ìrúwé, àgbàdo àti tòmátì fún ìgbà oòrùn. Láti ìgbà ìwọ́wé títí ìgbà òtútù fi kọjá, kò sí irè kankan láti gbìn.

Àṣà kẹta ni agbára. Gbogbo ìgbà tí àgbẹ̀ bá gbé ọkọ́, àáké, òòlù tàbí garawa ìbomirin ni agbára rẹ̀ ń dínkù; oúnjẹ tàbí oorun ni ó ń dá a padà. Nínú géèmù àkọ́kọ́, bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, àkókò dúró nìyẹn. Àgbẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ nínú òkùnkùn títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, ilẹ̀ kò sì ní mọ́ àfi bí ó bá sùn. Nínú Stardew Valley, ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, àgbẹ̀ tí kò bá sì tíì sùn ní agogo méjì òru yóò ṣubú lulẹ̀ níbi tí ó bá wà.

Àṣà kẹrin ni àpótí ọjà. Àgbẹ̀ kì í na ọjà, kì í sì í ná an. Yóò kó irè sínú àpótí kan nínú oko, ẹnìkan yóò wá kó o, owó yóò sì dé. Àṣà karùn-ún ni ẹ̀bùn. Ará abúlé kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó fẹ́ràn, bí a bá sì ń fún un léraléra, ìfẹ́ rẹ̀ sí ẹni tí ń fún un yóò máa pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin márùn-ún ni ó wà tí àgbẹ̀ inú géèmù àkọ́kọ́ lè fi ọ̀kan ṣe aya, ìyẹ́ aláwọ̀ búlúù ni ó sì fi ń tọrọ rẹ̀. Kò sí alárinà, kò sí ẹbí tí ń wádìí ẹbí. Nínú Stardew Valley, ẹni 12 ni ó wà láti yàn nínú wọn, àgbẹ̀ náà sì lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Nínú àwọn àrà tí ó wà nínú irú géèmù yìí, ọ̀kan wà tí àgbẹ̀ gidi yóò rẹ́rìn-ín sí. Nínú Back to Nature, àpò irúgbìn kan a máa bo ilẹ̀ onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án: mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Àgbẹ̀ kò sì lè la àárín ohun ọ̀gbìn kọjá. Nítorí náà, bí ó bá fi ọ̀nà jíjìn yí oko rẹ̀ po, garawa rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ èyí tí ó wà láàárín gan-an. Àwọn tí ń ta géèmù náà wá rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ láìro, kí wọ́n lè gba ibẹ̀ wọlé lọ bomi rin ti àárín. Wọ́n pàdánù irè kan láti lè ká mẹ́jọ. Ohun tí wọ́n tún dá sílẹ̀ láìmọ̀ ni poro, èyí tí àgbẹ̀ gidi ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àdánù inú Àwọn Géèmù Àtijọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìrọ̀rùn nìkan ni ó wà nínú géèmù ti ọdún 1996, kò tíì wò ó dáadáa. Ìjì líle a máa jà nínú rẹ̀, a sì máa ba ohun ọ̀gbìn àti ọgbà tí a fi igi ṣe jẹ́. Ajá ìgbẹ́ a máa wá ní òru sí adìyẹ tí a bá gbàgbé síta. Màlúù tí a kò bá bọ́ a máa ṣàìsàn, ó sì lè kú. Lékè gbogbo rẹ̀, ọjọ́ ìjíhìn wà: lẹ́yìn ọdún méjì àti ààbọ̀, àwọn òbí yóò padà wá wo ohun tí ọmọ wọn fi oko náà ṣe.

Back to Nature tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ti ìjíhìn. Ọdún mẹ́ta ni baálẹ̀ fún àjèjì tí ó wá jogún oko. Bí ọdún mẹ́ta bá pé tí oko náà kò dára, tí àjèjì náà kò sì bá àwọn ará abúlé rẹ́, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ bàbá àgbà rẹ̀ kò ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Èyí jọ òtítọ́ gidigidi, nítorí kò sí abúlé kankan ní ayé tí ó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè tọ́jú rẹ̀ tí kò sì mọ ènìyàn í bá gbé.

Bí Àdánù Ti Ń Dínkù

Eric Barone, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Stardew Valley. Òun nìkan ni ó ya àwòrán rẹ̀, tí ó kọ orin rẹ̀, tí ó kọ ìtàn rẹ̀ tí ó sì to ètò rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2016 ni ó jáde. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti ta ju mílíọ̀nù 40 lọ. Barone kò fi pamọ́ pé inú àwọn Harvest Moon àtijọ́ ni òun ti rí àpẹẹrẹ. Ó sì pa gbogbo àṣà wọn mọ́: bàbá àgbà, ìgbà mẹ́rin, agbára, àpótí, ẹ̀bùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi àdánù inú rẹ̀ wé ti àtijọ́. Ohun ọ̀gbìn tí a kò bá bomi rin kì í kú. Kò kàn ní dàgbà lọ́jọ́ náà ni. Ẹran tí a kò bá bọ́ kì í ti ipa ebi kú. Inú rẹ̀ kàn ń bàjẹ́ ni. Kannakánná a máa jẹ irè, ṣùgbọ́n ère kan tí a bá rì mọ́lẹ̀ ti tó láti lé e. Ẹni tí ó ṣubú lóru yóò jí nílé rẹ̀ lórí ibùsùn, owó díẹ̀ ni yóò sì pàdánù. Ọjọ́ ìjíhìn pàápàá ṣì wà: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, ẹ̀mí bàbá àgbà yóò wá wo oko, yóò sì tan àbẹ́là tí kò ju mẹ́rin lọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àgbẹ̀ bá ti rí. Bí àbẹ́là kan ṣoṣo ni ó bá tàn, kò sí ìyà. Àgbẹ̀ lè fi dáyámọ́ǹdì kan rúbọ kí bàbá àgbà tún wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, iyekíye ìgbà tí ó bá wù ú. Láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tí ń lé ènìyàn lọ, a ti dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà tí kì í bínú.

Láàárín àkókò méjèèjì yìí, ẹ̀ka mìíràn ti yọ. Ní ọdún 2008, géèmù Happy Farm jáde ní ilẹ̀ Ṣáínà. Aládùúgbò a máa wọ oko aládùúgbò jí irè rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Zynga gbé FarmVille jáde lórí Facebook. Ní ọdún 2010, àwọn tí ń ta á lóṣooṣù ju mílíọ̀nù 80 lọ. Níbẹ̀, wákàtí gidi ni ohun ọ̀gbìn fi ń gbó. Sítírọ́bẹ́rì, fún àpẹẹrẹ, a máa gbó ní wákàtí mẹ́rin. Ẹni tí kò bá padà wá kórè lásìkò yóò bá irè rẹ̀ ní rírọ. Àdánù ti padà wọ oko, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dá tàbí kòkòrò ni ó fa á. Àìsí lórí ẹ̀rọ ni ó fa á, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí nǹkan yá lè san owó gidi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n pa FarmVille tì, nítorí pé Flash, ètò kọ̀ǹpútà tí ó gbé e ró, ti kógbá sílé. Gbogbo oko inú rẹ̀ di àwátì lọ́jọ́ kan.

Ohun tí Kò Sí Níbẹ̀ láti Ìbẹ̀rẹ̀

Àwọn àdánù kan wà tí a kò tilẹ̀ lè sọ pé wọ́n yọ wọ́n kúrò, nítorí wọn kò sí níbẹ̀ rí. Àkọ́kọ́ ni ọjà tí ó kún. Nínú Stardew Valley, ẹni tí ó kó tòmátì ẹgbẹ̀rún kan sínú àpótí gba iye kan náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó kó ẹyọ kan. Àgbẹ̀ gidi mọ̀ pé ọdún tí irè bá pọ̀ jù lè burú ju ọdún tí irè kò pọ̀ lọ. Èkejì ni gbèsè: kò sí ẹni tí ń yá owó ra irúgbìn. Ẹ̀kẹta ni ẹran pípa: màlúù wà fún wàrà, adìyẹ wà fún ẹyin, kò sì sí ẹni tí ń fi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ẹ̀kẹrin ni ogbó: àgbẹ̀ inú géèmù ti 1996 àti ti Stardew Valley kì í darúgbó, ẹ̀yìn kì í sì í ro ó.

Ẹ̀karùn-ún ni ó yani lẹ́nu jù. Ọmọ Jàpáànù ni ó ṣe géèmù àkọ́kọ́, láti inú àárò abúlé Jàpáànù. Síbẹ̀, ìrẹsì kò sí nínú oko náà. Ilé ìjọsìn onígbàgbọ́ ni ó wà láàárín ìlú rẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì jọ abúlé ilẹ̀ Yúróòpù. Ìgbà tí ó di ọdún 2010, nínú Tale of Two Towns, ni abúlé kan tí a fi ti Jàpáànù ṣe àwòkọ́ṣe, tí a ń pè ní Konohana, ní oko ìrẹsì. Abúlé tí àárò rẹ̀ ń sọ ènìyàn kì í fi gbogbo ara jẹ́ abúlé tí ó ti kúrò.

Ìrẹsì Sakuna

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, géèmù kan jáde tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Sakuna: Of Rice and Ruin ni orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan ní Jàpáànù tí ń jẹ́ Edelweiss ni ó sì ṣe é. Ìtàn òrìṣà ìkórè kan ni, Sakuna, tí a lé lọ sí erékùṣù tí ó kún fún ẹbọra, tí ó sì níláti kọ́ bí a ti ń gbin ìrẹsì. Ìjà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkórè ni ó ń fún ajagun ní agbára. Ẹni tí ó ń ta á níláti ro ilẹ̀, kí ó ṣa irúgbìn, kí ó fi àyè tí ó yẹ sáàárín ewé kan àti èkejì nígbà tí ó bá ń lọ́ ọ, kí ó mọ ìwọ̀n omi tí ó yẹ kí ó wà nínú oko, kí ó tu èpò, kí ó fi dòjé gé e, kí ó sá a, kí ó pa á, kí ó sì bó èèpo rẹ̀. Àṣìṣe kékeré níbi kan yóò hàn nígbà ìkórè. Kò sí àpótí tí ń sọ irè di owó lóru ọjọ́ kan. Géèmù yìí fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni kò lè gba ìnira àgbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe géèmù ni wọ́n yàn láti má fi í sí i.

Ìkádìí

Ní ọdún 2020 tí Sakuna jáde, ọjọ́ orí àwọn tí iṣẹ́ oko jẹ́ olórí iṣẹ́ wọn ní Jàpáànù, bí a bá pín in dọ́gba, ju ọdún 67 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kún inú abúlé orí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn tí wọ́n sì ń retí ìgbéyàwó, kò sí ní ọ̀pọ̀ abúlé gidi mọ́. Wọn kò sì kúrò níbẹ̀ nítorí pé wọ́n kórìíra ilẹ̀. Iṣẹ́ wà ní ìlú, owó oṣù ibẹ̀ sì dájú ju irè oko lọ. Àìdánilójú yìí gan-an ni géèmù oko dídá fọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àgbẹ̀ kí ó tó gbé e fún ọmọ ìlú. Ohun tí ó lé àwọn baba wọn kúrò lóko ni a yọ, kí oko lè wu àwọn ọmọ.

Kì í ṣe pé kí a bá géèmù wí ni èyí. Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó fẹ́ rí ibi kan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í já sí asán, kò ṣe ohun tí ó burú. Ṣùgbọ́n ojúṣe olùkọ́ ni láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ta irú géèmù yìí mọ bí a ti ń gbìn àti bí a ti ń ká. Ohun tí ó kù láti kọ́ ọ ni ìdí tí ẹni tí ó mọ méjèèjì dáadáa fi lè di ẹrù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó sì gba ọ̀nà ìlú lọ.